Okùn Tí Ń Dá Ìlà Dúró

Ẹ súnmọ́ mi níbí o, ẹ̀yin olùfẹ́ ìtàn. Ẹni tó ń dáná, kó yọ igi díẹ̀ lẹ́nu iná; ẹni tó ń tẹ fóònù, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìtàn tí mo gbé wá kò ní ìjàpá nínú, kò ní iwin, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọba tó fi ọmọ rẹ̀ fún ẹranko. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àwọn kan nínú àwọn tó ṣojú wọn ṣì wà láyé. Síbẹ̀, bí mo bá sọ ọ́ tán tí ẹnìkan bá ní irọ́ ni mò ń pa, mi ò ní bá a jà, nítorí lọ́jọ́ tí èmi náà kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹnu ni mo là sílẹ̀.

Ní ìlú Fremont, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ràgàjì kan wà tí General Motors kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń tò níbẹ̀. Nínú ikùn ilé náà ni ìlà kan ti ń rìn lórí ilẹ̀, bí ejò tí ẹnikẹ́ni ò rí orí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì rí ìrù rẹ̀. Ẹ̀yìn ejò yìí ni àwọn ọkọ̀ tí wọn kò tíì parí jókòó sí. Òṣìṣẹ́ kan dúró síbí, ó ń de bóòtì. Èkejì dúró sọ́hùn-ún, ó ń fi gíláàsì. Ẹ̀kẹta ń gbé ìjókòó wọlé. Bí èyí bá kọjá, òmíràn a ti dé. Ẹni tó bá fẹ́ fun imú, kó yáa fun ún kíá.

Kò sí ilé ńlá tí kò ní èèwọ̀. Èèwọ̀ Fremont kò ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ: ìlà kò gbọdọ̀ dúró. Bí wọ́n bá dojú ẹ́ńjìnnì kọ ẹ̀yìn, kó máa lọ. Bí ọkọ̀ kò bá ní búrẹ́ẹ̀kì, kó máa lọ, àwọn kan wà níta tí yóò tún un ṣe. Àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jẹ́rìí sí i pé ènìyàn jábọ́ sínú kòtò abẹ́ ìlà lójú àwọn, ìlà ò sì dúró. Ọmọ ènìyàn ló ń sin ejò náà, ejò ò sì mọ orúkọ ẹnì kankan.

Kí wá ni àwọn òṣìṣẹ́ fi san án? Ọ̀tẹ̀ abẹ́lẹ̀ ni. Wọ́n á ju ìgò kóòkì òfìfo sínú ilẹ̀kùn ọkọ̀ kí wọ́n tó dí i pa, kí ẹni tó bá rà á lè máa gbọ́ kolo-kolo-kolo lójú títì láì mọ ibi tó ti ń wá. Wọ́n á ki búrẹ́dì ẹlẹ́ja tí wọ́n jẹ kù sínú ara ọkọ̀, wọ́n á fi irin bò ó, oòrùn á wá ṣe ìyókù. Ẹnìkan wà nínú wọn tó jẹ́ pé vodka tí wọ́n pò mọ́ omi ọsàn ló ń gbé wá síbi iṣẹ́ nínú tẹ́mọ́ọ̀sì. Wọ́n ń mu igbó, wọ́n ń ta tẹ́tẹ́. Bí a bá ka òṣìṣẹ́ márùn-ún, ọ̀kan nínú wọn ò wá síṣẹ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè ló burú jù: nígbà mìíràn èrò ò ní pé tó láti ti ìlà gbéra, àwọn ọ̀gá a sọdá títì lọ sí ilé ọtí, wọ́n a kó ẹni tí wọ́n bá bá níbẹ̀ wá. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ tí ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ń tò, ẹnìkan ló máa gbé ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀.

Ìwé ẹ̀sùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ìyẹn UAW, kọ sí àwọn ọ̀gá, tí ẹnì kankan ò tíì yanjú, wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bruce Lee, olórí ẹgbẹ́ náà ní gbogbo ìhà ìwọ̀-oòrùn, kò gbe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀: ó ní nínú gbogbo ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ ibòmíràn kò burú tó tiwọn. Ní 1982, General Motors ti ilẹ̀kùn pa, ó ní kí kálukú máa lọ sílé bàbá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fo òkun Pàsífíìkì kọjá. Ní Jàpáàn, Toyota ní ìṣòro tirẹ̀, ìṣòro ẹni tí ọjà rẹ̀ ń tà jù. Ọkọ̀ Jàpáàn kún Amẹ́ríkà débi pé láti 1981 ni wọ́n ti fi òṣùwọ̀n sí iye tí yóò máa wọlé. Ẹni tí wọ́n bá dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ní láti wá bí yóò ṣe di ará inú ilé. Honda ti gbọ́n, ó ti ń to ọkọ̀ ní Ohio láti 1982. Ẹ̀rù ń ba Toyota ní tirẹ̀: ìlànà iṣẹ́ tó jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ Jàpáàn ló ti dàgbà, ṣé yóò gbà sọ́wọ́ Amẹ́ríkà? General Motors náà ní ebi tó ń pa á: kò mọ bí a ti ń ṣe ọkọ̀ kékeré kí èrè sì wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1983, Eiji Toyoda láti Toyota àti Roger Smith, alága General Motors, fọwọ́ síwèé. Wọ́n á ṣí Fremont padà, wọ́n á pín in ní ìdọ́gba, Toyota ni yóò sì máa darí iṣẹ́. NUMMI ni orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà.

Ta ni yóò wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ibẹ̀ ni àrà bẹ̀rẹ̀. Ìbá tẹ́ Toyota lọ́rùn kó kó ọmọ tuntun tí kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fàáké kọ́rí. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bill Usery, tó ti jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà rí, kó bá wọn là á. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Toyota gba ohun tí orí ọlọ́gbọ́n kò lè gbà: àwọn ọlọ́tẹ̀ àná gan-an ni yóò gbà padà. Nínú òṣìṣẹ́ 100 tí wọ́n gbà sẹ́nu ìlà, àwọn tó jẹ́ ará Fremont àtijọ́ lé ní 80: ẹni ìgò kóòkì, ẹni tẹ́mọ́ọ̀sì, ẹni tó ti fi ẹ̀sùn sun ọ̀gá títí ẹnu fi bó.

Bí ẹ bá ní kí n gba Toyota nímọ̀ràn lọ́dún náà, màá ní kó lọ wá wọ́dà. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n lọ rà.

Láti 1984, ọ̀wọ́ tẹ̀lé ọ̀wọ́, wọ́n kó nǹkan bí 450 nínú àwọn tí yóò jẹ́ aṣáájú ìsọ̀rí lọ sí Toyota City, sí ilé-iṣẹ́ Takaoka, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Corolla. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lò. Wọ́n jókòó ní kíláàsì díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ìlà ni ẹ̀kọ́ gidi wà. Ẹ fojú inú wo géńdé Kalifọ́níà kan tí apá rẹ̀ tó itan ẹlòmíràn, tó dúró ti ọmọ Jàpáàn kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé èjìká rẹ̀, tí ìyẹn sì ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tọ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ́nà bí ìgbà tí ìyàwó tuntun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ro ọkà.

Ohun tó kọ́kọ́ já wọn láyà, gbólóhùn kan ni. Bí iṣẹ́ bá fẹ́ pọ̀ jù fún ẹnìkan, tó ku díẹ̀ kó pẹ́ lẹ́yìn, ẹnìkan a yọ sí i, a ní ṣé kí n ràn ọ́ lọ́wọ́? Ní Fremont, ẹni tó bá pẹ́ lẹ́yìn, èébú ló ń gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí okùn. Ó ta lókè orí, ó bá ìlà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí okùn tí à ń sá aṣọ sí. Kò sí òṣìṣẹ́ tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fà á. Bí ẹnìkan bá de bóòtì kan tó rí i pé kò wọ ojú rẹ̀ dáadáa, a nawọ́ sókè, a fà á. Orin a bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Iná yẹ́lò a tàn lórí pátákó ńlá tó wà lókè, nọ́ńbà ibi tí ọ̀rọ̀ wà a yọ. Aṣáájú ìsọ̀rí a sáré dé. Kì í dé kó ní kí lo tún bàjẹ́. Á dé, á bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ yọjú wo bóòtì náà bí ẹni ń wo ẹ̀gún nínú ẹsẹ̀ ọmọ. Bí wọ́n bá tètè rí i ṣe, wọ́n á tún okùn fà, orin á dákẹ́, ìlà kò ní dúró rárá. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dé òpin àyè rẹ̀ tí bóòtì ò tíì gbọ́ràn, ejò ńlá náà látòkè délẹ̀ á dúró wámú. Nítorí bóòtì kan! Ọ̀kan nínú àwọn ará Fremont, ẹni tẹ́mọ́ọ̀sì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, dúró níbẹ̀, ó wò ó, ó sì rí i pé ọgbọ́n ni: tún un ṣe nísinsìnyí, kó má baà di wàhálà tó bá yá. Ọ̀rọ̀ náà kò le. Kò ṣẹlẹ̀ rí ni.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, wọ́n se àsè ìdágbére, wọ́n jẹ ẹja tútù, wọ́n mu sake, wọ́n fún ara wọn lẹ́bùn. Àwọn géńdé tó ti ń ju ìgò sínú ilẹ̀kùn ọkọ̀ dì mọ́ àwọn tó kọ́ wọn níṣẹ́, tọ̀tún-tòsì ń sunkún.

Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn, ẹ dìde jókòó, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn yín rèé. Okùn náà kò ti ìdí ọkọ̀ wá o. Ìdí òfì ló ti wá. Sakichi Toyoda ni bàbá ńlá ìdílé tó dá Toyota sílẹ̀, ọmọ káfíńtà, tí wọ́n bí ní 1867. Ó rí bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe làálàá nídìí aṣọ híhun, ó sì fi gbogbo ayé rẹ̀ wá bí òfì yóò ṣe rọrùn. Ẹni tó bá ti jókòó ti ahunṣọ rí mọ ohun tí òwú kan tó já lè dá sílẹ̀: bí ojú ahunṣọ bá fò ó, àlébù ti wọ inú aṣọ nìyẹn, títú ló kù. Nídìí òfì onírin tó ń sáré, a jẹ́ pé ẹnìkan ní láti dúró ti ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kó máa ṣọ́ òwú bí ológbò ti ń ṣọ́ eku. Òfì aládàáṣe tí Sakichi parí ní 1924 kò nílò ẹ̀ṣọ́. Bí òwú kan ṣoṣo bá já lára rẹ̀, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń dúró. Ẹnìkan ṣoṣo wá lè máa bójú tó ọgbọ̀n ẹ̀rọ, kó máa lọ sídìí èyí tó bá dákẹ́. Ní 1929, Platt Brothers, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ra ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n dá owó lé e ní 100,000 pọ́n-ùn. Kiichiro, ọmọ Sakichi, ló wá gbé ìdílé náà bọ́ sídìí ọkọ̀. Ọgbọ́n òfì náà ló bá wọn lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ kò lè rí àlébù fúnra rẹ̀, wọ́n so okùn, wọ́n fi lé ènìyàn lọ́wọ́.

Mo ní kí ẹ má rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Ó yá, ẹ lè rẹ́rìn-ín báyìí.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ John Shook. Ó gbọ́ èdè Jàpáàn, Toyota sì gbà á síṣẹ́ ní Toyota City ní ìparí 1983, kó bá wọn ṣètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Isao Kato, àgbà nínú iṣẹ́ ìkọ́ni, ni wọ́n jọ ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan, nǹkan kan nínú ẹ̀kọ́ náà ò yé Shook tó, kò mọ bí yóò ti gbé e kalẹ̀. Ó sú Kato. Kato dìde, ó jáde, ó padà dé pẹ̀lú ìwé kan tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí etí rẹ̀ ti ká, tí kọfí ti dà sí lára. Shook gbà á, ó ṣí i. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni! Ìwé Amẹ́ríkà ni!

Ẹ gbọ́ bó ṣe débẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọkùnrin tó mọṣẹ́ lọ sójú ogun, àwọn obìnrin àti ọmọ àgbẹ̀ wá kún ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìbọn àti ọkọ̀ ojú omi. Ìjọba Amẹ́ríkà nílò ọ̀nà tí a lè fi kọ́ni níṣẹ́ kánkán. Láti 1940 títí di 1945, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Training Within Industry. Bí ogun ti parí báyìí, Amẹ́ríkà gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Amẹ́ríkà tó ń ṣàkóso Jàpáàn lẹ́yìn ogun kó o lọ síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó ti run náà lè rí ìdìde. Toyota gbà á ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, kò sì jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ wo bí ẹ̀kọ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ mú wáyà iná olójú méjì, irú èyí tí wọ́n fi ń so gílóòbù rọ̀. Kókó kan wà tí wọ́n ń ta sí i kó má baà já. Ó pe ẹnìkan jáde, ó fi ẹnu lásán ṣàlàyé fún un: mú ti ọwọ́ ọ̀tún, gbé e gba iwájú, mú ti òsì, gbé e gba ẹ̀yìn rẹ̀, kí o tì í bọ inú ihò. Ẹni náà á ta á títí, kò ní ta. Olùkọ́ pe ẹlòmíràn, ó dákẹ́, ó kàn ta kókó náà níṣojú rẹ̀. Ìyẹn náà á fi tì. Ìgbà náà ni yóò wá kọ́ ẹ̀kẹta bó ti yẹ. Á bá a tú ara, á bi í léèrè ohun tó ti mọ̀ nípa iṣẹ́ náà. Á mú un dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, kó má dúró ní ọ̀kánkán, kí ọ̀tún má baà di òsì lójú rẹ̀. Á ta kókó náà lẹ́sẹẹsẹ. Á tún un ta, á fi àṣírí ibẹ̀ hàn án. Á tún un ta, á sọ ìdí rẹ̀. Á wá gbé wáyà fún un kó ta á, kó sì máa fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, á fi í sílẹ̀, á fi ẹni tó lè bi hàn án, á sì máa padà wá wò ó. Kókó á ta. Òfin kan ló sì wà lórí gbogbo rẹ̀: bí ọmọṣẹ́ kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀gá ni kò kọ́ ọ.

Mo dúró lórí èyí nítorí mo ti jókòó ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì nílẹ̀ yìí, níbi tí ọmọṣẹ́ ti mú sípánà 13 wá dípò 12, tí ìfọ́tí sì ti balẹ̀ kó tó lanu. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní nọ́ńbà orí sípánà. "Máa wò mí" ni gbogbo ẹ̀kọ́ tó gbà.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ọgbọ́n ìkọ́niṣẹ́ tí Toyota ń náwó nára láti gbé sọdá òkun lọ fún Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà ló ni ín. Ọmọ tí bàbá sọ nù sọ́jà ní 1945 ló ń bọ̀ wálé yẹn, ó ti ga, ó ti ń sọ èdè mìíràn, bàbá ò sì dá a mọ̀.

Wọn kò kàn gbé Takaoka dé Fremont bí ẹni gbé odó kalẹ̀ o. Wọ́n bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jókòó, ìyẹn ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àjèjì ń sá fún, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí ọjà ò bá tà, àwọn ọ̀gá ni yóò kọ́kọ́ pàdánù kí wọ́n tó lé òṣìṣẹ́ lọ sílé. Lábẹ́ General Motors, irú iṣẹ́ tí wọ́n là sílẹ̀ lé ní 80, ẹni tó ń de bóòtì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà. NUMMI sọ gbogbo iṣẹ́ ìlà di ẹyọ kan, iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ di mẹ́ta. Ibi tí àwọn ọ̀gá ti ń dá jẹun di ìtàn, ibi tí wọ́n ti ń dá páàkì ọkọ̀ di ìtàn. Láyé àtijọ́, ẹlòmíràn ló ń gbé aago wá dúró sẹ́yìn òṣìṣẹ́ láti ka ìṣẹ́jú mọ́ ọn lọ́wọ́, bí ọlọ́pàá. Wọ́n wá gbé aago náà fún àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn: ẹ wọn iṣẹ́ yín, ẹ kọ bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe é sílẹ̀, ẹ kọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1984, ọkọ̀ àkọ́kọ́, Chevrolet Nova, yọ. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ogún ọdún kì í kúrò lára lọ́jọ́ kan. Okùn wà lókè, ọwọ́ ò yá láti fà á. Wọ́n ń sọ ìtàn kan nípa Tatsuro Toyoda, ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní NUMMI. Ọmọ Kiichiro ni, ọmọ-ọmọ Sakichi olófì. Ọdún 1929 tí wọ́n ta ẹ̀tọ́ òfì fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni wọ́n bí i. Wọ́n ní ó ń rìn kiri lẹ́nu ìlà lọ́jọ́ kan, ó bá òṣìṣẹ́ kan tó ń bá iná ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ̀yá ìjà, tí bóòtì ò gbà. Toyoda bẹ̀ ẹ́ pé jọ̀wọ́, fa okùn. Ọkùnrin náà ní òun á rí i ṣe. Toyoda tún bẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì sì jọ fa okùn náà. Nígbà tí wọ́n tún bóòtì ṣe tán, ọ̀gá àgbà tẹríba fún òṣìṣẹ́, ó ní kó dárí ji òun, pé òun ni kò kọ́ àwọn mánéjà òun dáadáa. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìròyìn ti kárí ilé-iṣẹ́. Ọ̀gá àgbà dọ̀bálẹ̀! Mo mọ̀ pé ìtẹríba àwọn Jàpáàn kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ tiwa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n pè é bẹ́ẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Kò tó ọdún mẹ́ta. Àwọn olùwádìí láti yunifásítì MIT gbé ilé-iṣẹ́ mẹ́ta sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ní Framingham, tó jẹ́ ti General Motors, wákàtí 31 ni wọ́n fi ń to ọkọ̀ kan, àlébù 135 ló sì wà lára ọkọ̀ 100. Ní Takaoka, wákàtí 16, àlébù 45. Ní Fremont, ní ilé ìgò kóòkì, wákàtí 19, àlébù 45. Bákan náà pẹ̀lú Takaoka! Ènìyàn kan náà, ilé kan náà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan náà. Àwọn tí kì í wá síṣẹ́, tí wọ́n ti jẹ́ 20 nínú 100, kò tó 5 mọ́. Ní 1988, Nova ò tà, ilé-iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dín iṣẹ́ kù sí ìdajì, gbogbo ènìyàn sì ń wo àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ bóyá ìwé lásán ni. Wọn ò lé ẹnì kankan. Wọ́n kó àwọn tí iṣẹ́ ò kàn padà sí kíláàsì, wọ́n ní kí wọ́n máa kọ́ ẹ̀kọ́ títí ọjà yóò fi yá.

Ẹ ó rò pé General Motors yóò kó ọgbọ́n náà kárí ilé rẹ̀ kíá. Ọ̀gá kan níbẹ̀ ní kí ẹnìkan lọ ya fọ́tò NUMMI, ojú kan má ku, kí wọ́n lọ ṣe irú rẹ̀ níbòmíràn. Fọ́tò mú okùn, ó mú pátákó iná. Ní Van Nuys, tó wà ní Kalifọ́níà náà, wọ́n so okùn mọ́ òkè. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò lọ sí Jàpáàn o. Ìbẹ̀rù wà lára wọn pé ọgbọ́n láti dín wọn kù ni. Àwọn ọ̀gá kéékèèké sì mọ̀ pé iye ọkọ̀ tó bá jáde ni owó àjẹmọ́nú àwọn wà lórí rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fa okùn, ojú burúkú ló ń rí. Van Nuys pa dé ní 1992. Lọ́dún kan náà, ní Eisenach ní ìlà-oòrùn Jámánì, Opel, tó jẹ́ ti General Motors nígbà náà, ṣí ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ Wartburg láyé àwọn kọ́múníìsì. Àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ ní NUMMI wà lára àwọn tó gbé e ró, ìyẹn sì yege. Ó rọrùn fún bàbá láti tún ilé kọ́ lókèèrè ju kó tún yàrá ara rẹ̀ ṣe lọ.

Toyota ní tirẹ̀ tẹ̀síwájú, títí ilé-iṣẹ́ òkèèrè fi pọ̀ ju olùkọ́ lọ. Kò ṣeé ṣe mọ́ láti kó olúkúlùkù wá sí Jàpáàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní 2003, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan sílẹ̀ ní Motomachi ní Jàpáàn, níbi tí wọ́n ti fi fídíò mú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbà, ìka pẹ̀lú ìka, kí ẹni tí kò gbọ́ èdè wọn lè wò ó kó yé e. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí ẹ̀ka rẹ̀ ní Thailand, ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Ní Bidadi, ní ìpínlẹ̀ Karnataka ní Íńdíà, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣí ní 2007 ń gba àwọn ọmọ tálákà láti abúlé, ó ń kọ́ wọn ní ọdún mẹ́ta gbáko.

Fremont wá ńkọ́? Ní 2009, General Motors wọ gbèsè débi tó fi sá lọ sílé ẹjọ́, ó sì yọ ọwọ́ kúrò nínú NUMMI. Toyota nìkan kò fẹ́ dá a gbé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2010, Corolla pupa kan gbẹ̀yìn lórí ìlà. Ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe níbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù 8, òṣìṣẹ́ tó pàdánù iṣẹ́ sì lé ní 4,500. Kí ọdún náà tó parí, Tesla ti ra ilé náà ní mílíọ̀nù 42 dọ́là.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, bí ẹ bá rí Corolla tòkunbọ̀ kan, èyí tí wọ́n ṣe kí ọdún 2010 tó dé, ẹ dá mi lóhùn kí ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, níhà ọ̀dọ̀ awakọ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ nọ́ńbà gígùn sí. Bó bá fi J bẹ̀rẹ̀, Jàpáàn ni wọ́n ti ṣe é. Bó bá fi 2T bẹ̀rẹ̀, Kánádà ni. Bí ẹ bá rí 1NX, Fremont ni. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ tì í padà gbàà. Mo ti ṣe é rí, mo sì dẹtí sílẹ̀ dáadáa. Ìgò kankan ò dún.